Òfin Ju Aláṣẹ Lọ: Ẹjọ́ Elékòó Èṣùgbàyí àti Ohun Tí Ó Kọ́ Wa

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń jáde ní ẹnu àwọn ènìyàn nígbàkigbà tí ìlú bá dàrú. Ìbéèrè náà ni pé: kí ni ìwúlò òfin ìpìlẹ̀ ìlú, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó kọ ọ́ gan-an ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ẹni tí ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti rí i pé a kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí inú ìwé, alágbára sì ṣe ohun tí ó wù ú. N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán dá a lóhùn. Ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn, ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Èkó láàrin ọdún 1861 àti 1931, kí olúkúlùkù lè fi ọgbọ́n tirẹ̀ wọ̀n ọ́n wò.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Gbogbo ayé mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀ ni ó fi ṣe é, nítorí ọkọ̀ ogun wọn wà nínú ọ̀sà. Láti ọjọ́ náà ni ìjiyàn ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni Dòsùnmú fi fún wọn? Ṣé àṣẹ ìjọba nìkan ni, tàbí ilẹ̀ àwọn ìdílé pẹ̀lú? Àti àwọn ará Èkó fúnra wọn, kí ni wọ́n dà? Ṣé ẹni tí a ṣẹ́gun, tí aláṣẹ lè ṣe bí ó ti fẹ́ sí ni wọ́n, tàbí ọmọ abẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin náà gbọ́dọ̀ dáàbò bò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dáàbò bo ẹni tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù? Ìjọba kò fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí. Àwọn ará Èkó ni wọ́n fi ipá mú un dáhùn, kì í sì í ṣe ipá idà ni wọ́n lò.

Ní ọdún 1901 ni Èṣùgbàyí, ọmọ ilé Dòsùnmú, jẹ oyè Elékòó. Ipò rẹ̀ ṣòro. Ní ojú Ìjọba, kò ní àṣẹ kankan; olórí ìdílé kan ni, a sì ń fún un ní owó díẹ̀ ní ọdọọdún. Ní ojú àwọn ará ìlú, ọba ni. Nígbà tí Ìjọba bá sì fẹ́ kí ìlú gba ohun kan tí kò dùn mọ́ ọn, Ìga Ìdúngànràn ni wọ́n máa ń wá. Ní 1908, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó omi dé, àwọn ará Èkó ta kò ó, Elékòó kò sì gbà láti fi ohùn rẹ̀ pa ohùn ìlú mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ojú Ìjọba kò ti dára sí i mọ́.

Ìdánwò kìíní tí ó tóbi jẹ́ ti ilẹ̀. Ní 1913 Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, èyí tí ó wà lábẹ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun. Kóòtù ní Èkó sọ pé olóyè náà kò ní ju ẹ̀tọ́ alábòójútó lọ, nítorí náà owó díẹ̀ ni ó tọ́ sí i. Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbifọ̀, ó mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó ní ọwọ́. Ní 1921 Ìgbìmọ̀ Adájọ́ ti Privy Council, èyí tí ó jẹ́ ilé ẹjọ́ ìkẹyìn nígbà náà fún àwọn ilẹ̀ òkè òkun tí ó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, dá a láre. Lord Haldane ni ó ka ìdájọ́ náà. Ó ní ìwé ọdún 1861 gbé àṣẹ ìjọba fún Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀; ìlú, abúlé, tàbí ìdílé ni ó ni ilẹ̀, olóyè sì ń bojú tó o fún wọn. Ìjọba san £22,500 fún ilẹ̀ náà. Ẹ kíyè sí i pé ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi àṣà Èkó ṣe òdiwọ̀n fún iṣẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n inú aláṣẹ kì í dùn sí ẹni tí ó bá borí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ ní Lọ́ńdọ̀nù nípa ipò Elékòó àti nípa ìlérí tí a kò mú ṣẹ bí Ìjọba nínú. Wọ́n ní kí Elékòó rán akéde kiri ìlú láti kọ Macaulay sílẹ̀ ní gbangba. Elékòó kọ̀. Ní òpin ọdún 1920, Ìjọba yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì dá owó ọdọọdún rẹ̀ dúró.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé gbogbo ìlú wà ní ìṣọ̀kan. Àwọn Mùsùlùmí Èkó ti pín sí méjì nípa ọ̀ràn mọ́ṣáláṣí àgbà, ọwọ́ Elékòó sì wà nínú ìjà náà. Ilé Dòsùnmú tìkára rẹ̀ pín. Àwọn ọ̀mọ̀wé àti ọlọ́lá kan rò pé ọgbọ́n ni láti bá Ìjọba rìn, wọ́n sì ka àwọn tí ń pariwo sí aláìníláárí. Nígbà tí Gómìnà Clifford mú òfin ìpìlẹ̀ tuntun wá ní 1922, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó fi ààyè ìdìbò sílẹ̀ fún. Ìjókòó mẹ́rin péré ni a fi fún ìdìbò: mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Kàlàbá. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un kò bá tó £100 ní ọdún kò lè dìbò, obìnrin kò sì sí nínú rẹ̀ rárá. Síbẹ̀ àwọn ará Èkó kò da díẹ̀ nù nítorí pé púpọ̀ kò sí. Ní 1923 Macaulay àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, wọ́n sì gba ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó.

Nígbà náà ni ọdún 1925 dé. Apá kan nínú ilé Dòsùnmú kéde pé àwọn ti yọ Èṣùgbàyí ní oyè, wọ́n sì fi Ìbíkúnlé Akíntóyè sí ipò rẹ̀. Ìjọba gbà á kíákíá. Ẹni tí ó ń di ipò Gómìnà mú nígbà náà pàṣẹ kí Èṣùgbàyí jáde kúrò ní Èkó. Nígbà tí kò lọ, a mú un ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, a sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin tí wọ́n gbé e lé ni òfin ọdún 1917 nípa olóyè tí a yọ. Òfin náà sọ pé bí a bá ti yọ olóyè kan, bí àṣà ìbílẹ̀ bá sì béèrè pé kí ẹni tí a yọ fi ìlú sílẹ̀, Gómìnà lè pàṣẹ kí ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Kí ni ó kù fún ọkùnrin yìí? Kò ní ọmọ ogun. Oyè ti bọ́ ní ọwọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn sì jókòó sí Ìga. Àwọn ènìyàn rẹ̀ jìnnà sí i. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù, gbólóhùn inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti lé ní 700 ọdún.

Ní oṣù Júùnù 1215, ní Runnymede lẹ́bàá odò Thames, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ipá mú Ọba John láti fi èdìdì sí ìwé tí a ń pè ní Magna Carta. Nínú rẹ̀ ni ọba ti ṣe ìlérí pé a kì yóò mú ọmọnìyàn tí ó ní òmìnira, a kì yóò sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n, a kì yóò sì lé e kúrò ní ìlú, àfi nípa ìdájọ́ tí ó tọ́ àti òfin ilẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Póòpù ti pa ìwé náà rẹ́ nítorí ọba. Bí ìrètí àwọn ènìyàn bá wà nínú ìṣòótọ́ ọba, ibẹ̀ ni ìbá ti kú sí. Ṣùgbọ́n wọ́n tún un gbé jáde ní 1216, ní 1217, àti ní 1225, àwọn ìran tí ó tẹ̀lé e kò sì jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀. Láti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ kan ti jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ habeas corpus, èyí tí adájọ́ fi ń pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá há ènìyàn mọ́ pé: gbé ara rẹ̀ wá síwájú mi, kí o sì sọ òfin tí o fi mú un.

Ìwé àṣẹ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Ní 1771 ẹrú kan tí ń jẹ́ James Somerset wà nínú ẹ̀wọ̀n nínú ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fẹ́ gbé e lọ tà ní Jamaica. Granville Sharp àti àwọn ẹlòmíràn ràn án lọ́wọ́, a sì gba habeas corpus fún un. Ní 1772 Lord Mansfield dá a sílẹ̀, ó ní kò sí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fún olówó ẹrú ní àṣẹ láti fi ipá gbé e jáde. Sharp yìí kan náà ni ó wà ní ìdí ibùdó tí a tẹ̀ dó ní Sierra Leone ní 1787. Ní ilẹ̀ náà ni a gbé Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1822, nígbà tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Ọmọ ọmọ Crowther sì ni Herbert Macaulay, tí ó wà ní iwájú nínú ìjà Elékòó. Bí àwọn Sàró Èkó ṣe di òfin mú ṣinṣin kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Òfin ni ó ti fà baba wọn yọ.

Àwọn agbẹjọ́rò Elékòó tọ kóòtù lọ, wọ́n béèrè habeas corpus. Wọ́n bi ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé olóyè ni ọkùnrin yìí ní ọ̀nà tí òfin náà sọ? Ṣé a yọ ọ́ nítòótọ́? Ṣé àṣà Èkó béèrè pé kí ẹni tí a yọ fi ìlú sílẹ̀? Kóòtù kọ̀ láti wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba ní nígbà tí Gómìnà bá ti pàṣẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn ará ìlú dá owó ẹjọ́ jọ, ẹjọ́ sì lọ sí òkè òkun. Ní 1928, Privy Council dáhùn pé ẹni tí a há mọ́ ní ẹ̀tọ́ láti gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ adájọ́ kan tẹ̀lé òmíràn, olúkúlùkù wọn sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ọdún náà kan náà ni a ju Macaulay sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, nítorí ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde pé àwọn kan ń dìtẹ̀ sí ẹ̀mí Elékòó. Akíntóyè kú ní ọdún náà pẹ̀lú, a sì fi Sànúsí Olúsì sí Ìga. Ẹjọ́ tún padà sí Èkó, ó tún já sí asán, ó sì tún kọjá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìgbà kejì.

Ní oṣù Máàṣì 1931 ni ìdájọ́ jáde, Lord Atkin ni ó kà á. Kókó rẹ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè mú un dání. Ó ní Gómìnà kò ní àṣẹ ju èyí tí òfin fún un lọ. Kò sí òṣìṣẹ́ Ìjọba kan tí ó lè fi ọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ọmọ abẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin fi àyè gbà á. Ó fi kún un pé adájọ́ kò gbọ́dọ̀ sá fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìjọba ni ó wà ní ìhà kejì. Nípa àṣà ìbílẹ̀ pẹ̀lú ó sọ ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: ìtẹ́wọ́gbà àwọn ènìyàn ìlú ni ó sọ àṣà di àṣà. Ìjọba kò lè dá àṣà sílẹ̀ fún wọn, adájọ́ kò sì lè tún un rọ ní ọ̀nà tí ìlú kò mọ̀. Ó pàṣẹ kí kóòtù Èkó gbọ́ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà dé ìdí.

A kò tún gbọ́ wọn mọ́. Gómìnà tuntun, Sir Donald Cameron, dé ní ọdún náà, ó sì rí i pé ó sàn kí ọ̀rọ̀ náà parí. Sànúsí Olúsì kúrò ní Ìga, Èṣùgbàyí sì padà sí Èkó lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ìlú yọ̀. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní 1932, ni ó wàjà.

Nísinsìnyí, ẹni tí ó ń ṣiyèméjì lè sọ pé: òfin ni ó gbà á là lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin aláwọ̀ funfun kan náà kò gba àwọn mìíràn là. Òtítọ́ ni. A tan Jájá ti Òpóbò mú ní 1887, a sì gbé e lọ sí erékùṣù Ìwọ̀-Oòrùn Íńdíà. Ọ̀nà ilé ni ó kú sí ní 1891. A mú Prempeh ti Asante ní 1896 láìsí ẹjọ́. Ọba Ovonramwen ti Benin kú sí Kàlàbá ní 1914, lẹ́yìn ọdún 17 kúrò ní ilé rẹ̀. Òfin kì í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó dàbí àdá tí ó wà ní àjà. Bí kò bá sí ẹni tí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, igbó kò ní kúrò lójú ọ̀nà. Èkó ní agbẹjọ́rò, ó ní ìwé ìròyìn, ó ní àwọn ènìyàn tí ń fi sísì àti ṣílè ṣe ìrànwọ́, ó sì ní ọba kan tí kò fi ojú rere Ìjọba ra oyè rẹ̀ padà. Láìsí ìwọ̀nyí, gbólóhùn Lord Atkin ìbá má jáde láé.

Síbẹ̀, láìsí gbólóhùn àtijọ́ náà, gbogbo ìsapá wọn kì bá tí rí ohun tí wọn yóò dì mú. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Aláṣẹ tí ó bá kọ ìlérí sílẹ̀ ti fi okùn lé ọmọ ìlú lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ ní èrò láti mú ìlérí náà ṣẹ. Àwọn ará Èkó kò sọ fún Gẹ̀ẹ́sì pé àṣà tiwa nìkan ni a mọ̀. Wọ́n sọ fún un pé: ìwọ ni o sọ pé òfin ju ọba lọ, jọ̀wọ́ ṣe é. Irú rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ṣe nígbà tí ó ké gbàjarè sí Késárì. Èrò náà kò sì ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ó ti wù ú láìsí Ọ̀yọ́ Mèsì, Ọ̀yọ́ Mèsì pẹ̀lú sì ní ẹni tí ń wò wọ́n. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Ìrètí irú èyí kì í ṣe ìrètí oníwàdùwàdù. Ní 1941, nígbà tí ogun Hitler gbóná, ẹjọ́ Liversidge dé iwájú adájọ́ márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù: ṣé mínísítà lè há ènìyàn mọ́ láì fi ìdí rẹ̀ hàn? Mẹ́rin gbà bẹ́ẹ̀. Lord Atkin kan náà dá dúró, ó kọ̀. Ó ti di olóògbé ṣáájú 1980, nígbà tí àwọn adájọ́ àgbà ní ilẹ̀ náà jẹ́wọ́ pé òun ni ó tọ̀nà. Ní Nàìjíríà, ní 1970, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ nínú ẹjọ́ Lákànmí pé ìjọba ológun kò lè fi òfin gba ohun ìní ènìyàn bí ẹni tí ń dá ẹjọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ológun fi gbé Òfin 28 jáde láti sọ ìdájọ́ náà di asán. Ṣùgbọ́n wọn kò lè mú un kúrò nínú ìwé. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń kà á, bí wọ́n ti ń ka ti Elékòó. Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1999 sì fi ẹ̀tọ́ òmìnira ara sí ìpín 35: ẹni tí a bá mú gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ mú un lọ síwájú adájọ́ láìpẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí ẹnì kan bá bi yín pé kí ni òfin ìpìlẹ̀ lè ṣe ní àkókò ìdàrúdàpọ̀, ẹ má ṣe sọ fún un pé ohun gbogbo yóò dára. Ẹ sọ fún un pé kí ó kà á. Púpọ̀ nínú wa ní Bíbélì àti ìwé orin ní ilé, ṣùgbọ́n a kò tíì ka ojú ewé kan nínú ìwé tí ó sọ ẹ̀tọ́ wa àti ti aládùúgbò wa. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti mọ ọ́n. Nígbà tí a bá mú aládùúgbò ní òru, ì báà jẹ́ ẹni tí a kò fẹ́ràn, ẹ béèrè ní gbangba pé òfin wo ni a fi mú un. Bí ó bá gba owó agbẹjọ́rò, ẹ dá a jọ. Bí adájọ́ kìíní bá kọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ọdún mẹ́fà ni Èkó fi dúró. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò bá a rìn.